Àwòrán Ilẹ̀ Àfonífojì Odò Ọ̀pàrà: Ẹlẹ́rìí tí A Kò Tíì Gbọ́ Ẹnu Rẹ̀ Tán

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, etí rẹ̀ ti ń ya, ibi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ po sì ti ń là. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ tí Institut Géographique National ti ilẹ̀ Faransé ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní sáà ọdún 1950, kí Dahomey tó gba òmìnira ní 1960. Àwa tí a lọ sí ilé-ìwé Faransé ń pè é ní carte. Àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Ṣakí àti Ìbàdàn ń pè é ní máàpù. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 55 lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ tó kìlómítà 110 láti àríwá dé gúúsù. Láàrin rẹ̀ ni odò kan ti ń sọ̀kalẹ̀ bí òwú aláró tí ó já sílẹ̀ lórí aṣọ. Odò Ọ̀pàrà ni.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa àti èmi jọ ka ìwé yìí, nítorí ó ní ohun tí ó lè sọ fún wa nípa ilẹ̀ Ṣábẹ̀ àti ti Kétu, nípa ààlà tí ó là wá sí méjì, àti nípa ogún kan tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í ṣe adájọ́. Ó rí púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ni ó gbọ́ nínú èdè wa. Bí a kò bá mú un jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó mọ ilẹ̀ náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé e dé iwájú ìjọba ni yóò jẹ́rìí fún.

Odò náà fúnra rẹ̀

Láti òkè, ní ilẹ̀ Bàrìbá, ni Ọ̀pàrà ti ń bọ̀. Nítòsí Parakou wọ́n sé e, omi rẹ̀ sì ni ará ìlú náà ń mu. Lẹ́yìn èyí ó di ààlà láàrin Benin àti Nàìjíríà fún apá kan ìrìn rẹ̀, kí ó tó yà wọ inú ilẹ̀ Benin pátápátá, tí ó sì lọ da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ odò Wẹ̀mẹ̀, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Ouémé. Bí a bá dúró ní ìlú Ṣábẹ̀ tí a kọjú sí ìlà-oòrùn, Ọ̀pàrà wà níwájú wa, Wẹ̀mẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Àárín odò méjì yìí ni àyà ilẹ̀ Ṣábẹ̀ wà.

Ọ̀pàrà kì í ṣe odò tí ó kún láti ọdún dé ọdún. Láti oṣù Ògún títí dé Ọ̀wàwà, omi a bo bèbè, a wọ inú igbó etí odò, kò sì sí ẹni tí ó lè kọjá láìsí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n tí ó bá di oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà, omi a fà. Ibi tí ó jìn a di ọ̀gbun omi tí ẹja ń sá pamọ́ sí, ibi tí kò jìn a di yanrìn àti àpáta. Ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá, kí omi má dé e ní orúnkún. Ẹni tí ó bá mọ odò yìí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ̀ pé kò lè jẹ́ ògiri. Ilẹ̀kùn ni, tí òjò ń tì, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ń ṣí.

Àwọn tí ó ya àwòrán ilẹ̀ náà mọ èyí dáadáa. Ilà aláró tí ó ń lọ láìjá ni wọ́n fi ń ṣe àmì omi tí kì í gbẹ. Ìlà tí ó ń já, tí ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe àmì omi tí ń gbẹ. Bí a bá wo àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ Ọ̀pàrà, ìlà jíjá ni ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ìwé náà kò parọ́ nípa omi.

Ìlà tí ó ṣáájú ìwé

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ààlà ti wà kí àwòrán ilẹ̀ tó wà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Ògún, ọdún 1889, àwọn aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì bu ọwọ́ lu àdéhùn kan ní Paris. Wọ́n mú ìlà òòró kan tí ó gba ilẹ̀ Àjàṣẹ́ kọjá ní ọ̀sà Àjàrá, wọ́n fi Ìpókíá sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó, wọ́n sì ní kí ìlà náà máa lọ tààrà sí àríwá títí yóò fi dé ìlà ìbú kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a dúró sí, nítorí pé wọn kò tíì mọ ohun tí ó wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọdún náà wò. Ní 1889, Faransé kò tíì wọ Abomey. Ọdún 1892 ni ọ̀gágun Dodds tó wọ ibẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kankan ní Ṣábẹ̀. Ní ti Kétu, ọdún mẹ́ta péré ni ó ti kọjá tí ogun Glẹ̀lẹ̀ ti fọ́ ìlú náà ní 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Dodds ṣẹ́gun ni wọ́n tó padà wá tún ìlú kọ́. Èyí ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n ń fa ìlà ní Paris, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Alákétu pé níbo ni ilẹ̀ rẹ̀ dé, kò sí Alákétu lórí ìtẹ́ tí yóò dáhùn. Ìlà náà sì gba inú ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mẹ́kọ, Ìdọ̀fà àti Ìwòyè bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu tí í ṣe orísun wọn bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìlárá là sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn Òyìnbó ṣàlàyé bí ìpínyà yìí ti rí lára àwọn tí ó gbà á.

Ìlà tààrà rọrùn láti fà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí nínú igbó. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ Borgu pẹ̀lú àdéhùn ti ọjọ́ 14, oṣù Òkúdù, ọdún 1898, tí wọ́n sì tún ìlà náà kọ yékéyéké nínú àdéhùn ti ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1906, wọ́n wá ohun tí ojú lè rí. Odò ni wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀pàrà, tí í ṣe omi àárín oko, ṣe di etí orílẹ̀-èdè méjì.

Nígbà tí ìlà náà fi wà lórí ìwé tí kò tíì sí lórí ilẹ̀, àwọn ènìyàn ń rìn. Ní òpin ọdún 1894 ni ọ̀gá ológun Faransé kan, Toutée, gbéra láti etí òkun Dahomey. Ó gba Ṣábẹ̀ kọjá, ó sì dé etí odò Ọya ní Badjibo ní 1895, níbi tí ó ti kọ́ odi ológun kan. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ti Ṣábẹ̀ dé odò Ọya kí ó má la Ọ̀pàrà kọjá. Kì í ṣe Toutée ni ó la ọ̀nà náà. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò àti àwọn aláàárù ni ó tọ̀, ọ̀nà tí ó ti wà kí wọ́n tó bí i. Òun kàn jẹ́ ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí a ṣe ya ìwé náà

Kí a lè mọ ohun tí a lè gbà gbọ́ nínú àwòrán ilẹ̀, a ní láti mọ bí a ṣe yà á. Àwọn àwòrán ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn arìnrìn-àjò tí ó mú kọ́ńpáàsì lọ́wọ́, tí wọ́n ń ka wákàtí tí wọ́n fi rìn láti abúlé kan dé èkejì. Ohun tí ó wà létí ọ̀nà ni wọ́n rí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn igbó fara sin fún wọn.

Ti ọdún 1950 yàtọ̀. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó fò lórí ilẹ̀ náà ní ìlà-ìlà, tí ó ń ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tí ó tẹ̀lé e lè bo apá kan èyí tí ó ṣáájú. Nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ wo fọ́tò méjì tí ó bo ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á dìde níwájú ojú, òkè á ga, àfonífojì á sì jìn. Láti inú èyí ni wọ́n ti fa àwọn ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tí ń fi gíga hàn. Láti ìlà kan sí èkejì, ilẹ̀ ti ga sí i ní mítà 40. Ìdíwọ̀n ìwé náà ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún kìlómítà 2.

Ẹ wo ibi tí ìlú Ṣábẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ìlà gíga kóra jọ níbẹ̀ bí ìlà ìka ọwọ́ ẹni tí ó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé. Àwọn òkè àpáta wa nìyẹn, tí àwọn baba wa sá lọ bá nígbà ogun Dahomey. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti kúrò níbẹ̀ tí ó ń lọ sí ìhà Ọ̀pàrà, àwọn ìlà náà á jìnnà sí ara wọn, ilẹ̀ á sì tẹ́ rẹrẹ. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, tí ó bá mọ ìwé kà, yóò lè sọ ibi tí omi yóò dúró sí lẹ́yìn òjò, ibi tí ìrẹsì lè hù, àti ibi tí màlúù yóò ti wá omi mu. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn tí ó yà á. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

Ọkọ̀ òfúrufú kì í rí orúkọ

Fọ́tò lè rí ilé, ó lè rí ọ̀nà, ó lè rí odò. Kò lè rí orúkọ. Fún orúkọ, ènìyàn ní láti sọ̀kalẹ̀ wá béèrè. Awọnlẹ̀ á dé pẹ̀lú ògbufọ̀, á na ìka sí òkè kan tàbí sí abà kan, á béèrè pé, “Kí ni wọ́n ń pè é?” Ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò kọ, pẹ̀lú lẹ́tà tí ilé-ìwé rẹ̀ kọ́ ọ.

Ibí ni etí ẹlẹ́rìí wa ti di. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odò náà fúnra rẹ̀. Ìró tí àwa Yorùbá ń kọ ní “p” jẹ́ ìró kan tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pe. Faransé kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fi lẹ́tà méjì kọ ọ́, “kp”. Báyìí ni odò náà ṣe di Okpara lórí àwòrán ilẹ̀ Dahomey. Ní òdìkejì, níbi tí àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ti ń lo ìkọsílẹ̀ Yorùbá, Opara ni wọ́n kọ. Odò kan náà ni, ẹnu kan náà ni ó sì ń pè é ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìwé Cotonou àti ìwé Abuja sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lè rò pé odò méjì ni.

Ẹ wo orúkọ ìlú pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ìlú ń pe ara wọn ní ohun tí etí Faransé gbọ́ gẹ́gẹ́ bí Tchabè. Ní ìkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin a ń kọ ọ́ ní Cabɛ. Ní ti Nàìjíríà, Ṣábẹ̀. Ṣùgbọ́n Savè ni ó wà lórí àwòrán ilẹ̀, lórí ibùdókọ̀ ojú irin, àti lórí gbogbo ìwé ìjọba títí di òní. Ó jọ pé láti ìsàlẹ̀, láti ẹnu àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, ni orúkọ yìí ti dé etí àwọn Òyìnbó. Bákan náà ni Ìfọ́nyìn di Ifangni, tí Ìlárá di Illara, tí Ṣakí sì di Tchaki nínú ìwé àwọn ará Faransé. Àjàṣẹ́ kò tilẹ̀ rí àyè wọlé rárá: Porto-Novo tí àwọn Potogí fún un ni ó gba ipò rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà lásán ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ariwo. Ó ní ìtumọ̀, ìtumọ̀ náà sì máa ń jẹ́ ìtàn. Nígbà tí a bá kọ orúkọ láìsí ohùn, tí ẹ di e, tí ọ di o, ìtumọ̀ á sá lọ. Ọmọ tí ó bá kọ́ orúkọ abúlé bàbá rẹ̀ láti inú ìwé náà yóò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí a fi ń jẹ́ ẹ. Kò sì ní lè ka oríkì rẹ̀.

Ohun tí ìwé náà rí, àti ohun tí ó fò

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ náà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ohun kan yóò hàn gbangba. Àwọn ìlú ńlá tò létí ojú irin. Ojú irin tí ó ti Cotonou wá dé Ṣábẹ̀ ní 1911, wọ́n sì tún nà án lọ sí Parakou lẹ́yìn náà, tí ó gba Kilibo, Toui àti Tchaourou kọjá. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró ni ọjà wà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wà, ibẹ̀ ni ilé-ìwé wà. Àwọn ènìyàn sún mọ́ ọn. Ní ìhà Ọ̀pàrà ńkọ́? Abà kan níhìn-ín, abà kan lọ́hùn-ún, àti àyè funfun púpọ̀ láàrin wọn.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò wo àyè funfun náà, yóò sì wí pé ilẹ̀ yìí kò ní olówó. Èrò yìí gan-an ni òfin ìjọba amúnisìn gbé karí. Òfin ti ọjọ́ 15, oṣù Belu, ọdún 1935, sọ pé ilẹ̀ tí kò ní ìwé, tí a kò sì dá oko sí tàbí gbé inú rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ti ìjọba ni. Kò yé àwọn tí ó kọ òfin náà pé àgbẹ̀ wa máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, nígbà mìíràn fún ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ, tí ó sì mọ ọjọ́ tí òun tàbí ọmọ òun yóò padà sí i. Láti ojú ọ̀run, ilẹ̀ tí ń sinmi àti igbó tí kò ní olówó jọ ara wọn. Ogun Dahomey tí ó lé àwọn ènìyàn kúrò ní àwọn ibì kan, àti ojú irin tí ó fa àwọn mìíràn mọ́ra, kò sọ ilẹ̀ náà di aláìlólúwa. Ní 1955 ni òfin mìíràn tó wá gbà pé ẹ̀tọ́ àbáláyé lórí ilẹ̀ wà.

Ààlà mìíràn tún wà lórí ìwé náà tí ó yẹ kí a fi ìka lé: ti igbó ìjọba. Lábẹ́ òfin igbó ti ọjọ́ 4, oṣù Agẹmọ, ọdún 1935, ìjọba lè ya igbó sọ́tọ̀ kí ó sì dín ẹ̀tọ́ àwọn ará abúlé nínú rẹ̀ kù. Igbó Toui-Kilibo jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn ní agbègbè wa. Lórí ìwé, ó ní àwọ̀ ewé àti etí tí ó mọ́. Nínú ìrántí àwọn àgbà, inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni oko àtijọ́ wà, ibojì wà, orísun omi tí a ń bọ wà. Igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ rí àmì tirẹ̀ lórí ìwé. Igbó tí òrìṣà yà sọ́tọ̀ kò rí àmì kankan. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe àìbìkítà awọnlẹ̀ nìkan. Ta ni yóò mú àlejò ìjọba tí ó gbé ìwé àti kálàmù lọ sí ojúbọ ilé rẹ̀? Àwọn baba wa dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Lónìí, ìdákẹ́ yẹn kan náà ni ó fẹ́ gba igbó náà lọ́wọ́ wa.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìwé náà rí tí ó sì jẹ́rìí sí, bóyá láìmọ̀. Àwọn ìlà dúdú tínínrín wà tí ó ń fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ hàn. Wọ́n kúrò ní abà, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n sì ń lọ tààrà sí ibi tí Ọ̀pàrà ti ń fà. Ọ̀nà kì í lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn. Bí ẹsẹ̀ bá la ọ̀nà dé etí omi, ó ní ibi tí ó ń lọ ní òdìkejì: oko ni, ọjà ni, ilé àna ni, tàbí ilé ìyá. Àmì ààlà orílẹ̀-èdè wà lórí odò, àmì ọ̀nà sì dé ibẹ̀ láti pàdé rẹ̀. Ìwé kan náà ni ó sọ pé a pín, òun náà ni ó sì sọ pé a kò pín.

Ẹjọ́ kan tí mo rí

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹbí méjì gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ẹbí kìíní mú ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ dání. Wọ́n ní ẹ wò ó, orúkọ bàbá bàbá wa ni ó wà lórí abà yìí, Òyìnbó fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́; kí ni a tún ń wá? Ẹbí kejì kò ní ìwé kankan. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ni mí nígbà náà, mo sì ti gbà nínú ọkàn mi pé ẹjọ́ ti parí.

Ìyá àgbà kan wà lára ẹbí kejì. Ó jẹ́ kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, “Ọmọ mi, èéfín ni ọkọ̀ òfúrufú rí. Kò rí ẹni tí ó ni igi.” Ó ṣàlàyé pé lóòótọ́ ni ọkùnrin náà dá abà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni, ẹbí òun ni ó fún un ní ilẹ̀, tí ó sì ń mú iṣu wá fún wọn ní ìgbà ọdún. Ó ní odò kékeré kan ni ààlà ilẹ̀ tí wọ́n fún un. Ó pe orúkọ odò náà, ó sì sọ ibi tí ó ti yà lára òkè.

Mo tún wo ìwé náà. Ìlà aláró jíjá kan wà níbẹ̀, ní ibi tí ìyá náà wí gan-an, tí ó yà ní ibi tí ó wí. Kò ní orúkọ. Nígbà tí mo fi ìka tọ̀ ọ́, àgbà ẹbí kìíní dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, “Òótọ́ ni. Orúkọ tí à ń pè é nìyẹn.” Ní ọjọ́ yẹn, ìwé nìkan ì bá ti ṣi wá lọ́nà, ọ̀rọ̀ ìyá náà nìkan ì bá sì ti jọ àwíjàre lásán. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ni òtítọ́ jáde. Àwọn ẹbí náà fi ẹnu ara wọn parí ọ̀rọ̀: ọmọ àlejò ń dáko lọ, a sì dá orúkọ onílẹ̀ padà fún un.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ìsinsìnyí

Ìyá náà ti lọ sí ibi àgbà ń rè. N kò mọ iye àwọn tí ó mọ orúkọ odò kékeré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfin ilẹ̀ ti yí padà. Òfin nọ́ḿbà 2013-01 ti ọjọ́ 14, oṣù Ògún, ọdún 2013, tí a ń pè ní Code foncier et domanial, ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Benin di ọ̀rọ̀ ìwé. Ilẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ baba ńlá wa kò parẹ́ nínú òfin náà. Ó gba ẹ̀tọ́ àbáláyé wọlé. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí a mọ etí rẹ̀, kí àwọn tí a jọ pààlà jẹ́rìí, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ tún ń wọ abúlé, wọ́n sì tún ń béèrè ìbéèrè àtijọ́ náà: “Kí ni wọ́n ń pè é?” Ohun tí a bá fi dá wọn lóhùn ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò jogún.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa, fún ààfin Oníṣábẹ̀ àti ti Alákétu, àti fún àwọn baálé abúlé. Kí a wá àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ ti agbègbè wa, kí a ṣe ẹ̀dà wọn ní ńlá, kí a sì gbé wọn lọ sí abúlé. Kí a pe àwọn ọdẹ, àwọn apẹja, àwọn darandaran tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, àti àwọn ìyá tí ó máa ń pọn omi nígbà èwe wọn, nítorí ọdẹ mọ òkè, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó mọ orísun omi. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí ìwé náà rí dáadáa, bí odò àti òkè, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí ó dúró. Lẹ́yìn náà kí a béèrè orúkọ, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí a béèrè ìdí rẹ̀, kí a sì gba ohùn ẹni tí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Níbi tí ẹnu bá ti yàtọ̀, kí a kọ méjèèjì. Ní ti ojúbọ àti igbó orò, àwọn tí ó ni wọ́n ni yóò sọ ohun tí a lè kọ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jáde; ó tó kí ààfin ní ẹ̀dà tirẹ̀ ní ìpamọ́.

Kí a má sì dúró ní etí Ọ̀pàrà. Àwọn ọ̀nà tínínrín tí mo sọ nípa wọn kò dúró níbẹ̀. Kí a ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní ìhà Ṣakí àti Mẹ́kọ, kí àwọn náà mú ìwé tiwọn wá, èyí tí a kọ Opara sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, nígbà tí omi bá fà. A óò tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ igi kan, a óò sì pe àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìka kan náà tọ odò kan náà, kí a lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.